Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta Nínú Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ìyá kan tó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì jí, ó wẹ̀, ó ró aṣọ àdìrẹ tó máa ń ró lọ sí ìpàdé ẹbí, ó fa káàdì ìdìbò rẹ̀ yọ nínú àpò tó ń kó rìsíìtì sí, ó sì ní òun ń lọ dìbò. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé ṣì wà lórí ibùsùn. Ó bèèrè pé ìbò wo. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà o. Ó ti gbàgbé ni, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn àdúgbò náà ṣe gbàgbé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rántí nípa ọjọ́ náà ni pé ọkọ̀ kò ní rìn.

"Ìbò kánsù ni."

"Ìbò kánsù! Màámi, ṣé ẹ kò mọ ẹni tó máa wọlé ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣé torí pé o mọ ohun tí pásítọ̀ máa sọ ni o kò ṣe ní í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Tíṣà ni ìyá náà. Ó kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn èyí ló ṣí ìsọ̀ kékeré kan síwájú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ń ta ìrẹsì, gààrí, epo, ọṣẹ àti mílíìkì alágolo. Gọ́tà kan gba iwájú ìsọ̀ náà kọjá. Bí òjò bá fi wákàtí méjì rọ̀, omi gọ́tà náà kì í lọ síbì kankan, ńṣe ló ń padà sẹ́yìn, tí yóò sì gun òpópónà. Ní ìgbà òjò tó ṣáájú ọdún ìdìbò yìí, omi náà wọ ìsọ̀, ó rin àpò ìrẹsì mẹ́rin gbingbin, gààrí sì di ẹ̀bà láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni ìyá yìí ti ń wá ẹni tó ni gọ́tà. Ẹgbẹ́ onílé ní ti kánsù ni. Ẹni tó bá nínú ọ́fíìsì kánsù ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò ní ẹ̀bi àwọn tó da iyanrìn dí ìsàlẹ̀ ọ̀nà omi ni, àwọn yóò sì padà wá. Wọn kò tíì padà wá.

Ìdí nìyẹn tó fi ro aṣọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ gọ́tà kàn, káńsẹ́lọ̀ ni ó rò pé ilé rẹ̀ súnmọ́ tòun jù lọ.

Kò rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dé ibùdó ìdìbò. Wọ́n ta tápólì kan sábẹ́ igi, tábìlì kan wà níbẹ̀, àpótí ìbò kan, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ìdìbò, ọlọ́pàá kan tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní àga kí ó tó ráyè béèrè. Kò sí ìlà tí yóò tò sí. Wọ́n wá orúkọ rẹ̀, ó tẹ̀ka, ó ju ìwé ìbò sínú àpótí, wọ́n kun tàdáwà sí i lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń ra àkàrà. Ó jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan sí i láti wo ẹni tí yóò wá. Àwọn tó wá nígbà náà kò pọ̀ tó kíláàsì kan nínú àwọn tó ti kọ́ rí.

Àwọn tó mọ àdúgbò náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n dìbò ààrẹ, ìlà ibùdó kan náà yí wọ òpópónà kejì. Àwọn kan gbé àga ilé wá, àwọn kan ń pín omi fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ọmọbìnrin tó ń sùn yìí dúró lórí ìlà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Ẹtí-Ọ̀sà, tí Ìkátẹ̀ wà nínú rẹ̀, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní 42,388, Bọ́lá Tinúbú ti ẹgbẹ́ APC sì ní 15,317. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó, Obi ní 582,454, Tinúbú ní 572,606. Èkó tí gbogbo ènìyàn gbà pé ọwọ́ ẹnì kan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló di ààrẹ.

Ìbò aṣojú-ṣòfin tí wọ́n dì lọ́jọ́ kan náà tún dùn ún kà ju ti ààrẹ lọ. Thaddeus Attah ti Labour ní 24,075, Banky W olórin tó gba tíkẹ́ẹ̀tì PDP ní 18,666, Babájídé Ọbaníkòró ti APC tó wà lórí àga náà ní 16,901. Ẹ fi ojú ìṣirò wò ó. Àwọn méjì tó fìdí rẹmi kó ìbò tó lé ní 35,000 jọ, ó ju ti ẹni tó wọlé lọ. Attah kò lè sùn kó gbàgbé wọn. Bó bá gbàgbé, nọ́ńbà yẹn wà nílẹ̀ láti rán an létí.

Kò tíì pé ọdún méjì ààbọ̀ sí ìgbà yẹn tí tápólì kan náà fi ṣófo.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù Keje, Adájọ́-fẹ̀yìntì Bọ́lá Òkìkíolú-Ighile tó jẹ́ alága àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Èkó kéde èsì. Ẹgbẹ́ APC gba ipò alága ní gbogbo kánsù mẹ́tàdínlọ́gọ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ipò káńsẹ́lọ̀ 376, ó gba 375. Ẹyọ kan tó kù bọ́ sọ́wọ́ PDP, ní Yábàá. Èsì yìí kò pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn rárá, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni ìròyìn dé láti Lọ́ńdọ̀nù pé ààrẹ àná, Muhammadu Buhari, ti kú. Tẹlifíṣọ̀n ilé ìyá náà ń sọ̀rọ̀ Buhari láti ọ̀sán di òru. Ọ̀rọ̀ kánsù kàn kọjá lábẹ́ àwòrán rẹ̀ bí kòkòrò tó ń rìn létí ògiri ni.

Ká ní kò tilẹ̀ sí ẹni tó kú, kí ni ẹnikẹ́ni ìbá sọ? Ní ọdún 2017, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ní ọdún 2021, bákan náà. Ìròyìn ni ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí bú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yóò kọ́kọ́ rìn dé Ìbàdàn. Níbẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP tí gómìnà wà nínú rẹ̀ gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, APC tí gómìnà Ògùn wà nínú rẹ̀ gba gbogbo 20. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, APC tí gómìnà Oǹdó wà nínú rẹ̀ gba gbogbo 18. Àwọ̀ àsíá nìkan ló ń yí padà bí ènìyàn bá ti ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. Gómìnà ló ń yan àwọn tó ń ṣètò ìbò náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí wọn, ọwọ́ ìjọba rẹ̀ ni owó ìdìbò sì ti ń jáde. Kò yẹ kí a máa ṣe bí ẹni tí ẹnu yà.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú náà ni àkọ́bí ìyá yìí pè é láti Glasgow, ìlú tó tóbi jù lọ ní Scotland. Ó lọ kàwé níbẹ̀, ó sì ti di òṣìṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Ìyá fi ìka tó ní tàdáwà hàn án lójú fóònù. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í kun nǹkan kan sọ́wọ́ ẹni lọ́dọ̀ àwọn. Ó ti dìbò kánsù nílùú náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá rẹ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́: àlejò tí kò tíì lo ọdún kan, tó ń dìbò nílùú onílùú? Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn wí. Ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí rí bíi tiwa ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, bó bá ti ní ìwé ìgbélùú. Ní Scotland, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà ń dìbò kánsù.

Ìwé ìbò tí wọ́n fún un kò rí bíi tiwa. Kì í ṣe ìka ni wọ́n ń tẹ̀. Ó kọ 1 síwájú ẹni tó fẹ́ jù, ó kọ 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, ó kọ 3. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá rọ́wọ́ mú, wọn kì í da ìbò náà nù, ńṣe ni wọ́n máa gbé e fún ẹni kejì. Wọ́ọ̀dù kan sì ń yan káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n parí kíkà, nínú àga 85 tó wà ní kánsù Glasgow, ẹgbẹ́ SNP ní 37, Labour ní 36, àwọn Green ní 10, Conservative ní 2. Ẹni tó wọlé kò ní ìdajì. Bó bá fẹ́ tún òpópónà kan ṣe, yóò kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún ẹni tó ń bá a jà.

Ìyá gbọ́ gbogbo èyí, ó ní, "Òyìnbó nìyẹn."

Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àlàyé tó ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí àwa náà fetí sí. Glasgow náà ti jẹ Ìkátẹ̀ rí. Ní ọdún 2003, àga 79 ló wà ní kánsù náà, Labour sì gba 71 nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbò tí wọ́n dì fún Labour kò tó ìdajì gbogbo ìbò tí àwọn ará ìlú dì. Àwọn tó ju ìdajì lọ dìbò fún ẹlòmíràn, àga mẹ́jọ péré ni wọ́n rí pín láàárín ara wọn. Kò sí jàǹdùkú tó gbé àpótí ìbò. Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ló fà á: wọ́ọ̀dù kan, ẹnì kan, ẹni tó bá ṣáájú kó gbogbo rẹ̀. Bí àwa ṣe ń kà á títí di òní nìyẹn. Ilé aṣòfin Scotland yí òfin náà padà ní ọdún 2004. Labour fúnra rẹ̀ wà nínú ìjọba tó yí i, nítorí pé ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣèjọba fi dandan lé e. Nígbà tí wọ́n fi òfin tuntun dìbò ní 2007, àga Labour ní Glasgow wálẹ̀ láti 71 sí 45. Ó ṣì borí, ṣùgbọ́n ó di dandan fún un láti máa dáhùn ìbéèrè.

Ohun tó sọnù ní Ìkátẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹni tí yóò béèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aburú tó wà nínú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni pé ẹgbẹ́ kan jẹ oúnjẹ gbogbo ẹgbẹ́ tó kù. Èyí tó bá fẹ́ jẹun nínú wọn yóò wá oúnjẹ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ kánsù bá jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, tí ẹnì kan náà ló fi wọ́n síbẹ̀, ta ni yóò dìde láti sọ pé, "Alága, a fọwọ́ sí owó gọ́tà Ìkátẹ̀ lọ́dún tó kọjá, gọ́tà náà dà?" Alátakò inú ìgbìmọ̀ ni agbẹjọ́rò tí ìlú gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àní bó bá jẹ́ pé torí àtigba àga ẹlòmíràn ló ṣe ń pariwo, ariwo náà ló ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ẹni ẹyọ kan tó wọlé ní Yábàá yẹn ti ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nílẹ̀, bó bá gbà láti ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ kánsù kò kéré. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti ti òkú, ìwé àṣẹ ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti báàrò. Òpópónà, iná ojú pópó àti gọ́tà wà níbẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n ìwé òfin náà fi gbólóhùn kékeré kan tì í, pé bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀ ni. Inú gbólóhùn kékeré yẹn ni gọ́tà ìyá yìí rì sí. Gbogbo àwọn tó ní kì í ṣe tàwọn ló ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu.

Ní ti owó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí gómìnà má ṣe dì í mú, kánsù tí a kò fi ìbò yàn kò sì ní ẹ̀tọ́ sí owó náà. Ìbò Èkó bọ́ sí ọdún kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn. Nínú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí wọ́n dìbò sí, ogún péré ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè mọ̀. Mẹ́tàdínlógójì tó kù ni kánsù onídàgbàsókè tí ìjọba Tinúbú dá sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ gómìnà, èyí tí ààrẹ Ọbásanjọ́ torí rẹ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú ní 2004. Ìjà yẹn gùn, a kò ní tú u palẹ̀ níbí.

Nígbà tí ọmọ tó wà ní Glasgow ti gbé fóònù sílẹ̀, ọmọbìnrin tó wà nílé bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní ìbínú díẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí kò bìkítà. Òun dúró nínú oòrùn ní 2023, òun sì padà lọ fún ìbò gómìnà ní oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn kan ń bi ènìyàn léèrè lójú pópó nípa ẹ̀yà tó ti wá kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Òun Yorùbá pọ́ńbélé, wọ́n wo imú òun kí wọ́n tó ní kí òun máa lọ. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti pinnu pé òun kò ní í fi ẹsẹ̀ òun gbé ẹ̀tẹ́ wálé mọ́ nítorí káńsẹ́lọ̀.

Ìyá náà kò jiyàn. Kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ní ọ̀dọ́ kò nífẹ̀ẹ́ ìlú wọn mọ́ yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìlú ṣe fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ Màrókò. Ó ní ọmọ náà kò tíì dáyé nígbà náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí Rájí Ràsákì jẹ́ gómìnà ológun, katakata wó Màrókò tó wà lẹ́bàá Ìkòyí àti Victoria Island palẹ̀. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn ni wọ́n lé. Ó rí àwọn kan nínú wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà ìhà ibí, tí wọ́n ru ẹní àti ìkòkò, tí wọ́n ń lọ sí Ìlàsàn àti Ìkọ́ta, sínú ilé ìjọba tí kò tíì parí. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ tuntun pọ̀ láàárín wọn lọ́dún yẹn. Ó ní ohun tí òun rántí jù ni pé àwọn àgbà inú wọn ń bi ara wọn léèrè ta ni kí àwọn lọ bá, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ kan láti dá, nítorí pé ẹni tó pàṣẹ náà kò tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

"Mo kàn fẹ́ mọ orúkọ kan ni," ló wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń gba owó ìsọ̀ dé pẹ̀lú ìwé rìsíìtì rẹ̀. Ìyá san owó rẹ̀. Ó wá bi í léèrè pé kí ni orúkọ káńsẹ́lọ̀ tuntun. Ọmọkùnrin náà ronú, ó wo òkè, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ní alẹ́, ìyá mú bírò, ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì márùn-ún láti fà á. Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó kọ déètì. Ó kọ bí gọ́tà náà ṣe gùn tó, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti dí, ó kọ iye àpò ìrẹsì. Ó fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo níbi tó yẹ kí orúkọ wà, ó ká ìwé náà sábẹ́ fóònù ọmọbìnrin rẹ̀.

"Bó o bá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, yà bá mi bèèrè ní kánsù."

Ọmọ náà wo ìwé, ó wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé, nítorí pé òjò ti ń ṣú. Ó ní, "Èló ni ẹ kọ fún ìrẹsì yẹn? Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò ka gààrí mọ́ ọn."